Oògùn ìtọ̀, iyọ̀ àti pòtásíọ̀mù: bí ẹ ṣe lè máa ṣọ́ wọn nílé fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́

Bó ṣe máa ń lọ nìyí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Dókítà kọ oògùn ìtọ̀ fún ìyá, ẹsẹ̀ tó wú bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìyá tún lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ara tu gbogbo ilé. Kò pẹ́, pajápajá dé. Ó ń rẹ ìyá, àyà wọn ń já. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹlòmíì ní omi àgbọn ló ń dá okun padà, ọmọ tó wà ní London fi ike fítámì ránṣẹ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ìyá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mọ iye pòtásíọ̀mù, ohun tí ọkàn nílò láti máa lù déédéé, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá.

Oògùn ni mo ń tà, orí káńtà ni mo sì ti ń gbọ́ ọ: "Ẹ fún wa ní nǹkan tó máa dá okun padà fún màmá." Ìbéèrè ni mo fi ń dáhùn: "Kí ni láàbù sọ?" Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n rí nǹkan sọ sí i.

Pòtásíọ̀mù tó wálẹ̀ jù máa ń mú kí ọkàn lù ségesège. Èyí tó ga jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ibi tó ti le ni pé àmì méjèèjì jọra: ó ń rẹ èèyàn, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, àyà ń já. Èyí tó ga jù tilẹ̀ lè má ṣe àmì kankan títí nǹkan á fi bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára fún ìyá kan tó ń lo Lasix nìkan, tó ń da pòtásíọ̀mù nù, fi lè ṣe ìyá mìíràn tó ń lo Aldactone àti lisinopril pọ̀, tí wọ́n ń dì í mú, léṣe. Kò sí ojú tó lè wò ó mọ̀. Nọ́ńbà láàbù gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ àti oògùn.

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tí dókítà ti sọ pé heart failure, ìyẹn ọkàn tí kò lágbára mọ́, ló ń ṣe, tó sì ti wà lórí oògùn, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dín oògùn kù tàbí fi kún un. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ tètè rí ohun tó ń bọ̀, kí ẹ sì kó ẹ̀rí tó péye lọ bá dókítà.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, nínú páálí rẹ̀, títí kan àgbo, fítámì, oògùn ara ríro àti ohunkóhun tí wọ́n ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì
- Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kẹ́yìn, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ bó bá wà
- Òṣùwọ̀n tí èèyàn ń dúró lé, ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ ò ní máa pààrọ̀
- Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ìfúnpá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá
- Ìwé kékeré kan àti bírò
- Ṣíbí tíì kan
- Nọ́ńbà fóònù kílíníìkì wọn, àti orúkọ ilé ìwòsàn tó lè ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, ní òru. Ọ̀sán ni kí ẹ wádìí ìyẹn, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá dé.

Ìpele 1: Ẹ tú oògùn sílẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ da gbogbo oògùn sórí tábìlì. Ẹ wo orúkọ kékeré tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ńlá lára páálí, nítorí òun gan-an ni orúkọ oògùn.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn tó ń da pòtásíọ̀mù nù sínú ìtọ̀: furosemide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix, torasemide, bumetanide, hydrochlorothiazide, metolazone. Bí wọ́n ṣe ń da pòtásíọ̀mù nù ni wọ́n ń da sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀, àti màgníṣíọ̀mù nù pẹ̀lú. Furosemide tún ń fọ fítámì B1 lọ, a máa dé orí ìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni àwọn tó ń di pòtásíọ̀mù mú sínú ara: spironolactone, tí í ṣe Aldactone, eplerenone, amiloride, gbogbo oògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí "pril", bíi lisinopril, ramipril àti enalapril, àti àwọn tó parí sí "sartan", bíi losartan, valsartan àti telmisartan. Slow-K náà bọ́ síbí, nítorí pòtásíọ̀mù gan-an ni.

Ọ̀nà kẹta ni digoxin, oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù dáadáa. Kì í da pòtásíọ̀mù nù, kì í sì dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń lò ó bó ṣe yẹ, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ yí padà di májèlé bí pòtásíọ̀mù tàbí màgníṣíọ̀mù bá wálẹ̀. Bí digoxin bá wà lórí tábìlì yín, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sókè ìwé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: orúkọ méjì, oògùn kan. Wọ́n á gba Lasix ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n á gba furosemide ní òmíràn, ìyá á sì máa lo méjèèjì láàárọ̀. Ẹ ṣọ́ Moduretic náà: oògùn méjì ló wà nínú hóró kan, ọ̀kan ń da pòtásíọ̀mù nù, èkejì ń dì í mú.

Ẹ ya oògùn ara ríro sọ́tọ̀. Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, tí wọ́n ń pè ní Feldene, máa ń di iyọ̀ àti omi mú, wọ́n ń ni kíndìnrín lára, wọ́n sì ń gbé pòtásíọ̀mù sókè fún ẹni tó ti ń lo pril tàbí sartan. Bàbá tí orúnkún ń dùn, tó ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ aláàtẹ, lè fi ọ̀sẹ̀ kan ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Paracetamol ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kó má jẹ́ èyí tó ń hó nínú omi, nítorí sódíọ̀mù inú ìyẹn pọ̀. Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, náà máa ń gbé pòtásíọ̀mù sókè bó bá pàdé Aldactone, lisinopril tàbí irú wọn. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ọ́ fún wọn.

Kí ẹ tó kúrò níbí: ẹ mú páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè sọ lẹ́nu pé "ó ń dà á nù", "ó ń dì í mú" tàbí "kò kàn án." Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ gbé e lọ bá apòògùn.

Ìpele 2: Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ

Àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè ni E/U/Cr. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé láti Èkó dé Ìbàdàn, gbogbo láàbù ló sì mọ̀ ọ́n. Ó máa fún yín ní sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù, chloride, bicarbonate, urea àti creatinine. Màgníṣíọ̀mù kì í sí nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́tọ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé owó ò sí. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé pajápajá tàbí àyà jíjá ló gbé yín wá, tàbí pé furosemide ti pẹ́ lára wọn, ẹ má fo ó.

Àkókò rẹ̀: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pril tàbí sartan, tàbí tí wọ́n fi kún un, fún Aldactone, ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bí nǹkan bá ti dúró, ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn, tàbí bí dókítà bá ṣe sọ. Ọjọ́ kejì ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró de oṣù mẹ́ta.

Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ lè yí nọ́ńbà padà, ibí yìí sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Bí okùn tí wọ́n so mọ́ apá bá pẹ́ jù, tí wọ́n sì ní kí ìyá máa di ẹ̀ṣẹ́, kó máa tú u, pòtásíọ̀mù inú ìgò á ga ju ti inú ara lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nítorí abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù tàbí fífà tó le, á tún ga. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ tó jẹ́ ọ̀sán ló dé láàbù, tàbí tí wọ́n fi sínú fíríìjì kí wọ́n tó yọ omi rẹ̀, á ga sí i. Nítorí náà, inú láàbù gan-an ni kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ má sì gba kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kadà gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kọjá. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọn digoxin inú ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n lo hóró tó kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà náà á tanni jẹ.

Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó ga ni ẹ̀bi láàbù. Bí pòtásíọ̀mù bá tó 6.0, ẹ má sọ pé "wọ́n ṣì í gbà ni", kí ẹ wá sùn lé e lórí. Ẹ lọ ṣe ECG lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tún ẹ̀jẹ̀ gbà.

Ìwé tó dára gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà, ìwọ̀n tí wọ́n fi kà á, àti iye tí láàbù náà kà sí déédéé. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ dá a padà fún wọn kí ẹ tó kúrò ní káńtà.

Ìpele 3: Ẹ ka nọ́ńbà náà

Pòtásíọ̀mù, tí wọ́n ń kọ ní K: 3.5 sí 5.0 mmol/L ló wà déédéé. Fún ọkàn tí kò lágbára, 4.0 sí 5.0 ni ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́. Bí ó bá wà lábẹ́ 3.5, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá wà lábẹ́ 3.0, ilé ìwòsàn ni, pàápàá bí digoxin bá wà níbẹ̀. Bí ó bá kọjá 5.0, ẹ dá ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi àgbọn àti irú wọn dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí ó bá kọjá 5.5, ẹ pè é lọ́jọ́ náà. 6.0 sókè, ẹ gbé wọn lọ ní wàràwàrà.

Sódíọ̀mù, tí wọ́n ń kọ ní Na: 135 sí 145 mmol/L. Nínú gbogbo ìwé náà, ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣì í kà jù. Wọ́n á rí 130, wọ́n á ní "iyọ̀ ti tán lára màmá", wọ́n á da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Rárá o. Lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, omi tó pọ̀ jù ló sábà máa ń fomi la sódíọ̀mù. Iyọ̀ inú ara lè pọ̀, kí nọ́ńbà ṣì kéré. Bí ẹ bá fi iyọ̀ kún un, ara á tún di omi mú, ẹsẹ̀ á tún wú, èémí á sì gé. Omi mímu ni dókítà á sábà dín kù. Bó bá wà lábẹ́ 130, ẹ pè é. Bó bá wà lábẹ́ 125, tàbí tí wọ́n ń sọ̀sọkúsọ, tí orí ń fọ́ wọn tàbí tí gìrì mú wọn, ẹ gbé wọn lọ.

Màgníṣíọ̀mù, Mg: nǹkan bíi 0.7 sí 1.0 mmol/L. Àwọn láàbù kan ń fi mg/dL kà á, 1.7 sí 2.4 sì ni déédéé tiwọn. Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kí ẹ tó bẹ̀rù tàbí kí ẹ tó yọ̀.

Màgníṣíọ̀mù yìí ni ìdí tí Slow-K kì í fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Bó bá ti wálẹ̀, kíndìnrín kì í lè di pòtásíọ̀mù mú mọ́. Ẹ kàn ń pọn omi sínú korobá tó jò ni. Ẹni tó ń gbé Slow-K mì láti oṣù tó kọjá tí K rẹ̀ kò kúrò ní 3.1, Mg rẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Creatinine: ẹ má wo ọ̀kan ṣoṣo, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń gòkè láti ìwé dé ìwé, kíndìnrín ń rẹ̀, pòtásíọ̀mù sì sábà máa ń tẹ̀ lé e gòkè.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé Na 131, K 2.9, Mg 0.55, creatinine kò yí padà. Wọ́n ń lo furosemide lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti digoxin, kò sí Aldactone. Furosemide ti da K àti Mg nù. Nítorí pé Mg kéré, K nìkan kò ní dúró bí ẹ bá fi kún un. Na kéré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi. Digoxin tó wà níbẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òní: ẹ bi wọ́n bóyá inú ń rú wọn, bóyá oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ, bóyá iná ń ní àwọ̀ yẹ́lò tàbí ewéko lójú wọn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, ẹ gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá sì ní rárá, 2.9 yẹn nìkan ti tó gbé yín délé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá lè ṣàlàyé ìwé tiyín fún ẹnì kejì nínú ilé báyìí, láìwo ojú ìwé yìí, ìpele yìí ti yọrí.

Ìpele 4: Oúnjẹ

Ẹ̀yìn nọ́ńbà ni oúnjẹ máa ń tẹ̀ lé.

Àwọn tí pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú wọn lọ́dọ̀ wa: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà, omi àgbọn, ọsàn, ìbẹ́pẹ, píà, tòmátì, pàápàá tòmátì inú agolo, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi kò kéré ní nǹkan bíi 420 mg. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbàgbé iṣu, bẹ́ẹ̀ iṣu tó wúwo bákan náà ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ.

Bí K bá wálẹ̀, tí dókítà sì ní kí wọ́n fi oúnjẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ pín in káàkiri ọjọ́: ẹ̀wà láàárọ̀, ọsàn kan lọ́sàn-án, iṣu díẹ̀ lálẹ́. Bí K bá ga, ẹ gé iṣu wẹ́wẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ sè é, ẹ da omi náà nù, ẹ má fi se àsáró. Díẹ̀ nínú pòtásíọ̀mù á bá omi lọ. Omi àgbọn kò ṣeé sè dànù, ẹ yẹra fún un pátápátá.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, àpapọ̀ gbogbo ohun tó wọ ẹnu. Bíi ìdajì kúùbù màgí ni iyọ̀. Búrẹ́dì ní iyọ̀, Indomie ní iyọ̀, ẹja agolo ní iyọ̀, irú tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ náà ní i. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ìkòkò wọn jẹ́ ọ̀kan ni pé kí ẹ bu ọbẹ̀ aláìsàn kí iyọ̀ àti màgí tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti ẹfinrin dá adùn sí i. Ìyá á bínú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ní sùúrù fún wọn, ahọ́n máa ń kọ́ ọ.

Káún! Sódíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ pé òun ò jẹ iyọ̀ mọ́, tó sì ń fi káún se ẹ̀wà àti ewédú, iyọ̀ ló ṣì ń jẹ.

Ẹ tún ṣọ́ iyọ̀ "tó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru" tí àwọn èèyàn wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà àti Britain. Ẹ yí ike náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí potassium chloride, pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ̀mù. Fún ẹni tó ń lo Aldactone, pril tàbí sartan, ewu ni.

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Fítámì K inú ẹ̀fọ́ tútù (kì í ṣe K ti pòtásíọ̀mù o) ń ta ko oògùn náà. Wọn ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Wọ́n ní kó máa rí bákan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá jẹ úgwú lójoojúmọ́ lóṣù yìí, tí ẹ ò jẹ rárá lóṣù tó ń bọ̀, INR, àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì hàn, á máa fò sókè sódò.

Bó ti yọrí: ẹ mú oúnjẹ àná, láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ẹ sọ ibi tí iyọ̀ ti wọlé. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "a ò fi iyọ̀ sí i" nìkan, ẹ tún un kà, màgí wà níbì kan.

Ìpele 5: Slow-K, dírípù àti fítámì

Hóró Slow-K 600 mg kan ní pòtásíọ̀mù mmol 8. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń gbé e mì, lódindi, pẹ̀lú omi tó pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n jókòó tàbí dúró. Wọn ò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbé e mì tán kí wọ́n dùbúlẹ̀, nítorí ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun kó sì dá egbò síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ hóró náà nínú ìgbẹ́, ẹ má jáyà. Èèpo rẹ̀ ni, pòtásíọ̀mù ti kúrò nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ Slow-K nígbà tó jẹ́ Lasix nìkan, lẹ́yìn náà dókítà fi Aldactone kún un, kò sì sí ẹni tó rántí béèrè nípa Slow-K. Ìwé oògùn tuntun kò pa ti àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé kí wọ́n ṣì máa lo Slow-K?"

Pòtásíọ̀mù abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún èèyàn nílé. Bí wọ́n bá tì í sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Dírípù náà kì í ṣe ohun ìdárayá. Àpò normal saline kan tó jẹ́ 500 ml ní iyọ̀ gíráàmù 4.5, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iyọ̀ odindi ọjọ́ kan, ó sì bá omi ìdajì lítà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ọ̀sì àdúgbò bá ní kí òun "fi omi sí màmá lára díẹ̀" nítorí ó rẹ̀ wọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì kọ̀.

Fítámì B1 wá ńkọ́? Ara kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Furosemide ń fọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí Lasix púpọ̀, tí kò lè jẹun dáadáa, tó jẹ́ ẹ̀kọ, gàrí àti ìrẹsì funfun ló ń jẹ, tàbí tó ń mu ọtí, òun ni kí ẹ ṣọ́. Bí B1 bá tán, ọkàn fúnra rẹ̀ á rẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, èémí á gé. Ẹ ò rí i bí? Gẹ́lẹ́ bí àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Dókítà lè rò pé àìsàn ló le sí i, kó fi kún Lasix, Lasix á sì tún fọ B1 tó kù lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún un bí wọ́n ṣe ń jẹun, kí ẹ béèrè bóyá B1 tàbí B complex bá wọn mu. Kò wọ́n. Nínú oúnjẹ, ẹ̀wà, ẹ̀pà díẹ̀ tí kò ní iyọ̀, àti ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn ò bó dé funfun ni kí ẹ dì mú, bí nọ́ńbà K bá gbà yín láyè.

Àwọn kan ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fẹ́ràn kòkòrò Anaphe tí wọ́n ń sun jẹ ní ìgbà òjò. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba B1 jẹ́. Ẹni tó ń lo furosemide kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ní ti ike fítámì láti òkè òkun àti omi noni tí wọ́n ń tà láti ilé dé ilé: ẹ ka ẹ̀yìn wọn. Àwọn kan ní pòtásíọ̀mù, noni sì ní i dáadáa. Kò sí multivitamin tó ń wo ọkàn tí kò lágbára sàn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ nínú fídíò.

Ìpele 6: Ìwọ̀n àràárọ̀

Láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí wọ́n tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ kan náà: ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ìfúnpá náà. Bí wọ́n bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, ẹ pe kílíníìkì. Bí ìwọ̀n bá ń já wálẹ̀ kíákíá, tí òyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde, oògùn ìtọ̀ lè ti pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì ni K àti Na máa ń bàjẹ́.

Bí dókítà bá fi ìwọ̀n sí omi, ká sọ lítà 1.5, pọ́ọ̀ wọ́tà 50 cl mẹ́ta ni, àmọ́ ẹ ka ẹ̀kọ mímu, tíì àti omi ọbẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kó pọ́ọ̀ wọ́tà ọjọ́ náà sọ́tọ̀ láàárọ̀. Bí ó bá tán, ó tán.

Ìpele 7: Ọjọ́ ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ààwẹ̀

Ọjọ́ kan ìgbẹ́ gbuuru lè da pòtásíọ̀mù nù, ó sì lè gbẹ ara débi tí kíndìnrín á fi dúró, kí pòtásíọ̀mù wá gòkè nítorí Aldactone àti lisinopril. Ẹ ò lè fi ojú mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, kí ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa dá dúró fúngbà díẹ̀ nínú oògùn ìtọ̀, Aldactone, àti pril tàbí sartan. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà sí i pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló dá oògùn dúró fún ìgbẹ́ gbuuru tí wọn ò sì padà sí i mọ́, títí ẹsẹ̀ fi wú. Ẹ má fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní gbẹ̀fẹ́ bí ẹ ṣe ń fún ọmọdé, dókítà ni kó sọ ìwọ̀n.

Ní ti ààwẹ̀, yálà ti Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Ẹ tún E/U/Cr ṣe bí ara bá ti balẹ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà bá padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni ìpele yìí tó parí, kì í ṣe ìgbà tí ìgbẹ́ dúró.

Ìpele 8: Ìgbà tí kò sí àkókò fún ìwé

Ẹ gbé wọn lọ ní kíá bí wọ́n bá dákú tàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Bí ọkàn wọn ń lù ségesège tí kò dúró, tàbí tó ń lù díẹ̀díẹ̀ gan-an. Bí apá àti ẹsẹ̀ wọn kò gbé nǹkan mọ́ lójijì. Bí gìrì mú wọn. Bí wọn ò dá èèyàn mọ̀. Bí wọn ò tọ̀ láti àárọ̀. Bí èémí kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ gbólóhùn kan parí.

Ẹ kó gbogbo oògùn sínú báàgì kan, kí ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Ẹ má fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí Slow-K lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Heart failure ni, wọ́n ń lo Lasix, Aldactone àti digoxin, pòtásíọ̀mù wọn tó kẹ́yìn jẹ́ báyìí, ní ọjọ́ báyìí." Gbólóhùn kan yẹn ló ń mú kí wọ́n tètè so ECG mọ́ wọn, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó so dírípù.